Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, síbẹ̀ òun ló tú àṣírí awò fún aráyé: Ìtàn ìgbésí ayé Johannes Kepler

Bí dókítà oníṣẹ́ abẹ bá fẹ́ so iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín bí òwú pọ̀, ojú lásán kì í tó o. Ohun tí yóò gbé wọ̀ ni awò ojú kan tí òpó kékeré méjì yọ níwájú rẹ̀, ọ̀kan fún ojú ọ̀tún, èkejì fún ojú òsì. Inú òpó wọ̀nyí ni àwọn dígí kéékèèké wà, àwọn ló ń sọ ohun bíńtín di ńlá. Dókítà eyín ń lò ó, àwọn tó ń tún aago ṣe ń lò ó. Àwọn tí ojú wọn ti di bàìbàì náà ń lo irú rẹ̀ láti fi ka ìwé, tàbí láti fi dá ẹni tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán mọ̀.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n ń gbà to dígí inú òpó náà. Ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ Galileo, ará Ítálì. Èkejì ń jẹ́ orúkọ Johannes Kepler, ará Jámánì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ló mọ Kepler sí ẹni tó ṣàwárí òfin tí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì fi ń yí oòrùn po. Àwọn tó mọ̀ pé òun náà ló ṣàlàyé bí ojú ṣe ń ríran, àti bí awò ṣe ń ràn án lọ́wọ́, kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó sì yani lẹ́nu jù lọ ni pé ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ kò ríran dáadáa láti kékeré. Àwọn àgbà ní ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ní í ṣe lákáǹláká tọ alábẹ lọ. Ní ti Kepler, ẹ̀gún náà wà lójú.

Ọmọ tí ìgbóná fẹ́rẹ̀ẹ́ mú lọ

Ọjọ́ 27, oṣù Kejìlá, ọdún 1571 ni wọ́n bí Johannes Kepler ní Weil der Stadt, ìlú kékeré kan ní gúúsù Jámánì. Heinrich ni orúkọ bàbá rẹ̀, ọmọ ogun tó ń gba owó jà fún ẹni yòówù tó bá háyà rẹ̀. Katharina ni orúkọ ìyá rẹ̀, ọmọ ẹni tó ń tọ́jú ilé èrò, obìnrin tó mọ ewé àti egbò púpọ̀. Bàbá kì í jókòó sílé. Ogun ló ń lé kiri, nígbà tó sì yá, ó lọ, kò padà wá mọ́. Ìyá ló ru ẹrù ilé náà.

Ọmọ náà kò tíì pé ọdún márùn-ún nígbà tí ìgbóná mú un, ìyẹn ṣànpọ̀nná tí àwọn àgbà kì í fẹ́ dárúkọ. Ikú yẹ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n àìsàn náà kò lọ lọ́wọ́ òfo. Ó ba ojú rẹ̀ jẹ́, ó sì sọ ọwọ́ rẹ̀ di aláìlágbára. Láti ìgbà náà lọ, ohun tó bá jìnnà kì í hàn sí i kedere, ohun kan ṣoṣo a sì máa dà bíi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú rẹ̀.

Lọ́dún 1577, ìràwọ̀ onírù ńlá kan yọ lójú sánmà. Ìyá rẹ̀ mú un lọ sí ibi gíga kan láti lọ wò ó. Lọ́dún 1580, wọ́n tún pè é jáde síta láti wo òṣùpá tí òjìji bò, tó sì pọ́n. Kepler kò gbàgbé ọjọ́ méjèèjì yìí títí tó fi dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ipò tí ojú rẹ̀ wà kò ní rò ó láé pé ọ̀rọ̀ sánmà ni yóò sọ ọ́ di ẹni ńlá.

Orí rẹ̀ pé gan-an. Owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí ìjọba Württemberg ń fún àwọn ọmọ tálákà tó mọ̀wé ló gbé e dé Yunifásítì Tübingen lọ́dún 1589. Ó fẹ́ di oníwàásù. Ibẹ̀ ni olùkọ́ rẹ̀, Michael Maestlin, ti fi ẹ̀kọ́ Copernicus hàn án, pé ayé ló ń yí oòrùn po, kì í ṣe oòrùn ló ń yí ayé po. Lọ́dún 1594, wọ́n rán an lọ sí Graz, ní ilẹ̀ Ọ́síríà, láti lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìṣirò. Bí iṣẹ́ ìwàásù ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún 1597, ó fẹ́ Barbara Müller níyàwó.

Ihò kékeré tó dá ìbéèrè ńlá sílẹ̀

Lọ́jọ́ 10, oṣù Keje, ọdún 1600, òṣùpá bo apá kan oòrùn. Kepler gbé ohun èlò kan tó fi igi ṣe kalẹ̀ sí gbàgede ọjà ní Graz. Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń gbà wọlé, tí àwòrán oòrùn sì ń hàn ní òdìkejì. Ìṣòro kan ti wà nílẹ̀ nípa irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Tycho Brahe, àgbà awòràwọ̀ ará Denmark, ti ṣàkíyèsí pé bí wọ́n bá fi ihò wọn òṣùpá lọ́jọ́ tó bo oòrùn, ó máa ń kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣé òṣùpá ń sún kì ni? Kepler rí i pé òṣùpá kò sún kì rárá. Bí ihò náà ṣe fẹ̀ tó ló ń da àwòrán náà rú. Ohun èlò ló ń tan ojú.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Bí ohun èlò bá lè tan èèyàn, ojú ńkọ́, ojú tó jẹ́ pé òun ni ohun èlò tí gbogbo èèyàn gbé wá sáyé?

Kò ráyè rò ó jìnnà kí wàhálà tó dé. Lọ́dún 1600 yìí kan náà, àwọn aláṣẹ Graz pàṣẹ pé ẹni tí kò bá padà sínú ìjọ Àgùdà gbọ́dọ̀ fi ìlú sílẹ̀. Ọmọ ìjọ Luther ni Kepler, kò sì fẹ́ sẹ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ó kó aya àti ẹrù, ó gba Prague lọ láti lọ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Tycho Brahe. Lóṣù Kẹwàá, ọdún 1601, Tycho kú, Olú-ọba Rudolf Kejì sì fi Kepler jẹ onímọ̀ ìṣirò ààfin. Ipò náà ga, ṣùgbọ́n owó oṣù rẹ̀ kì í jáde bó ṣe yẹ.

Lọ́dún 1604, ìwé rẹ̀ lórí ìmọ́lẹ̀ àti ojú jáde. Ó ṣàlàyé nínú rẹ̀ pé ojú dà bíi yàrá òkùnkùn tó ní fèrèsé kékeré kan. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé, àwọn ohun mímọ́ gaara inú ojú ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ń ya àwòrán sára awọ fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú. Dídorí kodò ni àwòrán náà ń wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n tó ṣáájú rẹ̀ ti sá fún ọ̀rọ̀ yìí, nítorí wọ́n rò pé kò lè ṣeé ṣe kí ènìyàn rí ayé ní ìdorí kodò. Kepler kò sá. Ó ní ibi tí ìṣirò bá gbé òun dé ni òun yóò dúró sí, bí ọkàn ṣe ń dá àwòrán náà padà sí òró jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Láti orí èyí ló ti ṣàlàyé awò ojú. Ó ti tó nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí àwọn ará Yúróòpù ti ń lo awò nígbà náà. Àwọn oníṣọ̀nà ń lọ dígí, àwọn èèyàn ń dán an wò títí wọn yóò fi rí èyí tó bá ojú wọn mu, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́. Kepler sọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí kò rí ọ̀ọ́kán, àwòrán rẹ̀ ń pàdé kó tó dé orí awọ ẹ̀yìn ẹyinjú. Dígí tó jìn láàárín, tí a lè pè ní dígí oníkòtò, ni yóò tú ìtànṣán ká díẹ̀ kí ó lè dé ibẹ̀. Àgbàlagbà tó ń na ìwé jìnnà kó tó lè kà á, tirẹ̀ kì í tètè pàdé. Dígí tó yọ ikùn, ìyẹn dígí oníkùn, ni yóò kó ìtànṣán jọ fún un. Títí di òní, orí ìlànà yìí ni àwọn dókítà ojú ń tẹ̀ lé.

Dígí oníkùn méjì

Lóṣù Kẹrin, ọdún 1610, ìwé Galileo dé Prague. Ó ròyìn nínú rẹ̀ pé òun fi awò awọ̀nàjíjìn rí òkè lójú òṣùpá, òun sì rí ìràwọ̀ kéékèèké mẹ́rin tó ń yí Júpítà po. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kepler, tí kò tíì fojú kan irú awò tó lágbára bẹ́ẹ̀, kọ ìwé pélébé láti gbè é lẹ́yìn. Galileo kò fi awò kankan ránṣẹ́ sí i. Ernst, ọmọ aládé tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní Cologne, ló yá a ní ọ̀kan lóṣù Kẹjọ. Òun àti àwọn díẹ̀ mìíràn fi wo Júpítà fún alẹ́ bíi mélòó kan. Kí ojú ẹnì kan má baà tan àwọn yòókù jẹ, olúkúlùkù wọn ya ohun tó rí láì jẹ́ kí èkejì kọ́kọ́ rí i, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi wọ́n wéra. Wọ́n bára mu.

Bí Galileo ṣe ń lo awò náà, kò ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kepler gbé e lé ara rẹ̀ lọ́rùn láti ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó parí ìwé tó pè ní Dioptrice, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Augsburg lọ́dún 1611. Ẹsẹ 141 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ń ti orí èkejì yọ bí àkàsọ̀. Àwọn onímọ̀ kò tíì mọ òfin gan-an tí ìmọ́lẹ̀ fi ń tẹ̀ nínú dígí nígbà náà. Kepler fi wíwọ̀n rí i pé bí ìtànṣán kò bá dagun jù, yóò yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta igun tó fi wọlé. Ìyẹn tó fún un láti ṣe gbogbo ìṣirò rẹ̀.

Awò Galileo ní dígí oníkùn níwájú, ó sì ní oníkòtò lẹ́bàá ojú. Nínú ẹsẹ 86 ìwé rẹ̀, Kepler gbé ètò mìíràn kalẹ̀. Ó ní kí dígí méjèèjì jẹ́ oníkùn. Ti iwájú yóò ya àwòrán ohun tí èèyàn ń wò sínú òpó, ti ẹ̀yìn yóò sì sọ àwòrán náà di ńlá fún ojú. Bí àpẹẹrẹ, kí a ní dígí iwájú ń kó ìtànṣán jọ sí mìlímítà 60, ti ẹ̀yìn sì ń kó o jọ sí mìlímítà 15. Bí a bá fi 15 pín 60, yóò fún wa ní 4, èyí tó túmọ̀ sí pé ohun tó jìnnà yóò tóbi ní ìlọ́po mẹ́rin. Gígùn òpó náà yóò jẹ́ àpapọ̀ méjèèjì, ìyẹn mìlímítà 75. Bó bá jẹ́ ètò Galileo ni, ìlọ́po mẹ́rin kan náà kò ní gbà ju mìlímítà 45 lọ, nítorí yíyọ ni wọ́n ń yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì.

Ètò Kepler gùn ju ti Galileo lọ, àwòrán rẹ̀ sì dorí kodò. Kí wá ni èrè rẹ̀? Ìtànṣán tó jáde láti inú awò Galileo ń fọ́n ká, nítorí náà, ńṣe ni ojú dà bí ẹni tó ń yọjú nínú ihò kọ́kọ́rọ́. Ti Kepler ń pàdé níbì kan lẹ́yìn òpó, ní ibi tí ojú lè dúró sí gẹ́lẹ́. Ohun tó wà létí àwòrán yóò hàn bíi ti àárín, ó sì ṣeé ṣe láti mú kí nǹkan tóbi sí i láìjẹ́ pé ibi tí èèyàn ń wò há jù.

Kò sí àkọsílẹ̀ pé Kepler fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹyọ kan. Orí ìwé ló ti ṣe é. Christoph Scheiner, àlùfáà ìjọ Àgùdà kan, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun tó ṣeé dì mú. Ìwé Scheiner tó jáde lọ́dún 1630 ròyìn rẹ̀. Àwọn awòràwọ̀ tẹ́wọ́ gbà á, nítorí ìràwọ̀ kò ní orí, kò sì ní ẹsẹ̀. Kò sí ohun tó kàn wọ́n bí àwòrán rẹ̀ bá dorí kodò.

Ọdún ìbànújẹ́ àti ẹjọ́ ìyá rẹ̀

Ọdún 1611 tí ìwé náà jáde ni ìbànújẹ́ ya wọlé Kepler. Lóṣù Kejì, ìgbóná tó ba ojú rẹ̀ jẹ́ nígbà èwe pa Friedrich, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà. Lóṣù Keje, Barbara ìyàwó rẹ̀ kú. Wọ́n gba adé lórí Rudolf lọ́dún náà, ọba ọ̀hún sì kú lóṣù Kìíní ọdún 1612. Kepler kó lọ sí Linz, ibẹ̀ ló sì ti fẹ́ Susanna Reuttinger lọ́dún 1613.

Lọ́dún 1615, ìròyìn burúkú dé láti ilé. Obìnrin kan ní Leonberg, tó ń jẹ́ Ursula Reinbold, fẹ̀sùn kan Katharina pé àjẹ́ ni, pé ohun tó fún òun mu ló sọ òun di olókùnrùn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé orí àjẹ́ nílẹ̀ Jámánì ìgbà náà, iná ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn mìíràn kún un. Olùkọ́ kan ní òun ló sọ òun di arọ. Ọmọbìnrin kan ní apá òun wú nígbà tó gba ẹ̀gbẹ́ òun kọjá. Lóṣù Kẹjọ, ọdún 1620, wọ́n gbé ìyá arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì fi ṣẹkẹṣẹkẹ dè é mọ́lẹ̀.

Kepler fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Linz, ó wá jókòó ti ẹjọ́ náà. Bó ṣe ń tú ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ palẹ̀ ló ṣe tú ẹ̀sùn náà palẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ tó rọ ti kọ́kọ́ fo kòtò, ó sì fara pa. Ọmọbìnrin tí apá ń dùn ti ru bíríkì. Ursula ti lo oògùn tó le kó tó ṣàìsàn. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé ẹjọ́. Lóṣù Kẹsàn-án, ọdún 1621, wọ́n fi àwọn irin ìdánilóró han ìyá náà láti fi dẹ́rù bà á. Kò jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Wọ́n tú u sílẹ̀ lóṣù Kẹwàá, lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá ní àtìmọ́lé. Oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú.

Láàárín gbogbo wàhálà yìí, iṣẹ́ kò dúró. Lọ́dún 1609 ló ti tẹ̀ ẹ́ jáde pé ọ̀nà tí Máàsì ń tọ̀ yí oòrùn po kì í ṣe òbìrí pípé, ó gùn díẹ̀ bí ẹyin. Lọ́dún 1619, ó gbé òfin kẹta rẹ̀ jáde, lọ́dún 1627 sì ni ìwé àtẹ ìṣirò ìràwọ̀ tó fi orúkọ Rudolf sọ wá sójú táyé. Nínú oṣù Kọkànlá, ọdún 1630, ó gun ẹṣin lọ sí Regensburg láti lọ béèrè owó tí wọ́n jẹ ẹ́. Ibà mú un níbẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù náà ló kú, ní ẹni ọdún 58. Ogun tó ń jà nílẹ̀ náà ba ibi ìsìnkú tí wọ́n sin ín sí jẹ́, ojú oórì rẹ̀ sì sọnù.

Bí ètò rẹ̀ ṣe dé orí awò ojú

Ohun tí kò dun àwọn awòràwọ̀ ni yóò pa aláìsàn lára. Bí àwòrán bá dorí kodò lójú dókítà, abẹ tó yẹ kó lọ sọ́tùn-ún yóò lọ sósì. Kepler fúnra rẹ̀ ti sọ nínú Dioptrice pé dígí oníkùn kẹta lè dá àwòrán náà padà sí òró, ṣùgbọ́n ìyẹn ń mú kí òpó gùn sí i, ta ni yóò sì gbé irin gígùn lé orí imú? Lọ́dún 1854, Ignazio Porro, ará Ítálì, fi dígí onígun ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ ń ta padà síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú rẹ̀, àwòrán ń yí padà sí òró, òpó náà sì ń kúrú. Lọ́dún 1894, ilé iṣẹ́ Zeiss ní Jena bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú dígí bẹ́ẹ̀ ṣe awò olójú méjì fún títà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Moritz von Rohr, onímọ̀ awò ní ilé iṣẹ́ yìí kan náà, gbé òpó kéékèèké ka orí awò ojú fún àwọn tí ojú wọn kò dára. Ètò Galileo ló kọ́kọ́ rọrùn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó kúrú, ó sì fúyẹ́. Títí di òní, òun ni wọ́n máa ń lò bó bá jẹ́ pé ìlọ́po méjì sí nǹkan bíi mẹ́ta ni dókítà ń fẹ́. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó di ìlọ́po mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà, ètò Kepler pẹ̀lú dígí onígun ni wọ́n ń gbé jáde. Ó wúwo jù, owó rẹ̀ sì pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ mọ́ dé etí. Ẹni tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn bí ẹyinjú méjèèjì ṣe jìnnà síra tó, kó sì yí òpó méjèèjì sínú díẹ̀ kí wọ́n lè pàdé níbi tí ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ wà. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun kan ṣoṣo yóò di méjì lójú ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ọmọ tí ìgbóná fi sílẹ̀ ní Weil der Stadt mọ bí ìyẹn ṣe ń rí. Ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ ló fi rí ohun kan bíi méjì, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lágbára tó láti lọ dígí kankan. Ìwé àti kálàmù ló fi ṣe tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí egungun rẹ̀ wà ní Regensburg mọ́, ṣùgbọ́n níbikíbi tí dókítà bá ti so iṣan tín-ín-rín pọ̀ lábẹ́ dígí oníkùn méjì, tàbí tí ẹni tí ojú rẹ̀ ti ṣú bá tún rí ojú ọmọ rẹ̀ kedere, iṣẹ́ Johannes Kepler ló ń jẹ́ níbẹ̀.